Ààbọ̀ Máàkì tó Dínà Adé: Ìtàn David Bronstein, Ọ̀ta Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀nà mẹ́ta ni nǹkan máa ń gbà parí: kí ọ̀ta pa òpè, kí òpè ṣe bí eré bí eré kó pa ọ̀ta, tàbí kí àwọn méjèèjì ta ọ̀mì. Ọ̀mì kì í sábà dun ẹnikẹ́ni títí. Wọn yóò kó ọmọ ayò padà sójú ọpọ́n, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀mì kan wà tí wọ́n ta nílùú Moscow ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1951, tí àwọn ènìyàn kò yé fi bi ọ̀kan nínú àwọn tó ta á léèrè títí ó fi kú, ọdún 55 lẹ́yìn náà. David Bronstein ni orúkọ rẹ̀. Ayò tirẹ̀ kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni.

Ojú ilé 64 ló wà lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ ayò 16 sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tò síwájú ara rẹ̀: ọba kan, ayaba kan, ẹṣin méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ilé-ìṣọ́ méjì àti ọmọ ogun mẹ́jọ. Ẹni tó bá há ọba ẹnì kejì mọ́ ló borí, ó sì gba máàkì kan. Bí ó bá di ọ̀mì, oníkálukú gba ààbọ̀. Ààbọ̀ yìí, bó ti wù kó kéré lójú tó, ni ó wà láàárín Bronstein àti adé ayé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, adé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe adé ló gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì káàkiri ayé. Ìwé ni. Kí a tó dé orí ìwé náà, ó yẹ kí a mọ irú ayé tí ọkùnrin náà gbé.

Ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 1924 ni wọ́n bí i sí ìdílé Júù kan ní Bila Tserkva, ní ilẹ̀ Ukraine, tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ alábòójútó ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun. Ìyá rẹ̀ jẹ́ dókítà. Bàbá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ń gbé ní Kiev, ó wọ ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọdé, níbi tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alexander Konstantinopolsky ti mú un lọ́wọ́ tó sì tọ́ ọ sọ́nà.

Inú ọdún 1937 ni nǹkan dàrú. Joseph Stalin ló wà lórí oyè, ìbẹ̀rù sì ti bo gbogbo ilẹ̀ Soviet. Àwọn ọlọ́pàá abẹ́nú a máa kan ilẹ̀kùn lóru. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ, ẹbí rẹ̀ lè má gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní òpin ọdún náà ni wọ́n mú bàbá Bronstein. Ọdún méje ni ó fi wà ní àhámọ́ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn gan-an kò ran ọ̀ràn lọ́wọ́, nítorí Bronstein ni orúkọ ìdílé tí wọ́n bí Leon Trotsky sí, ìyẹn ọkùnrin tí Stalin kórìíra ju ẹnikẹ́ni lọ. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé bí ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀ta, ni ìjọba ti sọ bàbá di ọ̀tá.

Síbẹ̀, ọmọ náà kò yé ta. Ní 1940, ní ọmọ ọdún 16, ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ Ukraine. Isaac Boleslavsky ló ṣe ipò kìíní. Wọ́n sì fún Bronstein ní oyè ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ti ilẹ̀ Soviet. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó ń gbèrò láti lọ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ogun Jámánì wọlé dé ní 1941, ó sì tú gbogbo ètò náà ká. Wọn kò rán an lọ sójú ìjà. Iṣẹ́ oríṣiríṣi ni ó ń ṣe káàkiri, títí kan títún ilé-iṣẹ́ irin tí ogun ti wó kọ́ ní Stalingrad.

Ní 1944, kí ogun tó parí, wọ́n pè é wá sí Moscow fún ìdíje àgbà ilẹ̀ Soviet. Ẹ̀yìn ló wà nígbà tí wọ́n to ipò, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí gbogbo ènìyàn rí: ó na Mikhail Botvinnik, ẹni tí tọmọdé tàgbà gbà pé kò sí irú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ náà. Láàárín ọdún mélòó kan, Bronstein ti dé òkè. Ní 1948, òun àti Alexander Kotov jọ pín ipò kìíní ní ilẹ̀ Soviet. Ní 1949, òun àti Vasily Smyslov tún jọ pín in.

Adé ayé ló kù. Alexander Alekhine, tó di adé náà mú, kú ní 1946 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, FIDE, àjọ tó ń mójú tó ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, kó àwọn ọ̀ta márùn-ún jọ ní 1948 láti du ú, Botvinnik ló sì jáwé olúborí. Láti ìgbà náà ni àjọ náà ti gbé àtẹ̀gùn kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pe ọba níjà: ìdíje ńlá kan yóò kọ́kọ́ yọ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù, ìdíje kejì yóò yọ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà ni yóò bá ọba jókòó fún ayò 24. Bí wọ́n bá parí ayò 24, tí máàkì dọ́gba, adé kò ní kúrò lórí ẹni tó dé e. Òfin kékeré yìí ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn.

Bronstein gun àtẹ̀gùn náà láìsinmi. Ní Saltsjöbaden, ní ilẹ̀ Sweden, ní 1948, ó gba máàkì 13 àti ààbọ̀ nínú 19, ẹnikẹ́ni kò sì nà án. Ní Budapest, ní 1950, Boleslavsky ti ṣíwájú, ṣùgbọ́n Bronstein na Paul Keres nínú ayò tó kẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì jọ ní máàkì 12. Wọ́n ní kí wọ́n lọ tún un ta ní Moscow. Wọ́n ta ayò 12, máàkì dọ́gba. Ìgbà tí wọ́n fi méjì kún un ni Bronstein tó borí pẹ̀lú 7 àti ààbọ̀ sí 6 àti ààbọ̀. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, ìdíje yìí kò sì ba ọ̀rẹ́ náà jẹ́: ní 1984, Tatiana, ọmọ Boleslavsky, ni Bronstein fi ṣe aya. Ọdún 1950 náà ni FIDE kọ́kọ́ fi oyè ọ̀ta àgbà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní grandmaster, dá ènìyàn 27 lọ́lá, Bronstein sì wà lára wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1951, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn ní gbọ̀ngàn orin Tchaikovsky ní Moscow. Botvinnik ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún 39. Bronstein jẹ́ ọmọ ọdún 27. Ìwà wọn yàtọ̀ gedegbe. Onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni Botvinnik, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì sì ni; a máa múra sílẹ̀ fún ayò bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kó tó kọ́lé. Láti ìgbà tó ti gba adé, ó ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta láìta ìdíje kankan, nítorí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tó ń kọ. Ní ti Bronstein, ó gbà pé ọgbọ́n tuntun ló yẹ kó wà nínú ayò kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn yóò jókòó tẹjú mọ́ pátákó fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kó tó gbé ọmọ ayò àkọ́kọ́ pàápàá. Ẹni tó sì dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ ni Boris Vainshtein, òṣìṣẹ́ àgbà nínú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá abẹ́nú, ilé-iṣẹ́ kan náà tó gbé bàbá rẹ̀ lọ. Bí ayé ṣe rí ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn nìyẹn: ẹni tó fọwọ́ kan gbá ni létí lè fi ọwọ́ kejì gbé oúnjẹ fún ni.

Bronstein ló kọ́kọ́ borí nínú ayò karùn-ún. Nínú ẹ̀kẹfà, ó dé ibi tí ọ̀mì ti dájú. Ó ronú títí, ó sì gbé ọba rẹ̀ lọ sí ibi tí kò yẹ. Ojú ẹsẹ̀ ni ó pàdánù. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, bí eléyìí bá wó tọ̀hún, tọ̀hún a gbẹ̀san. Lẹ́yìn ayò 19, Botvinnik ló wà níwájú pẹ̀lú 10 sí 9. Ayò 20 di ọ̀mì. Bronstein wá jẹ ayò 21, ó sì tún jẹ ayò 22. Máàkì rẹ̀ di 11 àti ààbọ̀, ti Botvinnik jẹ́ 10 àti ààbọ̀. Ó ku ayò méjì péré. Bí Bronstein bá ta méjèèjì ní ọ̀mì, ọba ayé tuntun ti jẹ nìyẹn.

Nínú ayò 23, bíṣọ́ọ̀bù méjì ló kù lọ́wọ́ Botvinnik, ẹṣin méjì ló kù lọ́wọ́ Bronstein. Òfin àtijọ́ ni pé bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò dá ayò dúró di ọjọ́ kejì, ẹni tó kàn láti gbé ọmọ ayò yóò sì kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú àpòòwé, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ pa. Ohun tí Botvinnik ṣe nìyí, ó sì fi òru yẹ ayò náà wò fínnífínní. Nígbà tí wọ́n padà sídìí rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù méjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹṣin lọ́rùn díẹ̀díẹ̀, títí tí Bronstein kò fi rí ibi kankan gbé ẹsẹ̀ sí mọ́. Ó ronú fún ìgbà pípẹ́, ó sì túúbá. Máàkì dọ́gba. Ayò 24 kò gùn. Ọ̀mì ni wọ́n ta á. 12 sí 12. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ ayò márùn-ún, mẹ́rìnlá sì jẹ́ ọ̀mì. Botvinnik kò borí Bronstein, ṣùgbọ́n adé kò kúrò lórí rẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀: ṣé Bronstein mọ̀ọ́mọ̀ jọ̀wọ́ ayò 23 ni? Àwọn kan ní ìjọba kò lè fẹ́ kí ọmọ ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n gba adé lórí ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n wo ayò náà fúnra rẹ̀: ayò tó le koko ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ní ọjọ́ náà ló jẹ ẹ́. Nígbà tí Bronstein di àgbà, tí ilẹ̀ Soviet sì ti tú ká, ó kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ asán. Ohun tí òun lè sọ kò ju pé àwọn kan fi ọkàn òun sábẹ́ ìnira láti oríṣiríṣi ọ̀nà, àti pé ọwọ́ òun ló kù sí bóyá òun yóò tẹrí ba fún un tàbí òun kò ní tẹrí ba. Ó tún kọ ọ́ pé àwọn ìdí kan wà tí ó fi dára kí òun má jẹ ọba, nítorí ẹni tó bá dé adé náà ti di ará ilé àwọn olóyè ìjọba, irú ayé bẹ́ẹ̀ kò sì bá ìwà òun mu.

Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣe kedere nínú wọn. Níbi tí ìbẹ̀rù bá ti di ẹni kẹta nídìí ayò, àwọn méjì tó jókòó kò lè mọ èyí tó jẹ́ ọgbọ́n wọn nínú ohun tí ọwọ́ wọn ń gbé. Ìyẹn ni ìwà ìkà tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Wọ́n tún sọ ọ́ di ẹni tí kò lè fi ìdánilójú sọ bí ó ṣe pàdánù, kí ayé sì gbà á gbọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1953, ó tún gbìyànjú. Àwọn ọ̀ta àgbà 15 pàdé ní Neuhausen àti Zurich, ní ilẹ̀ Switzerland, láti yan ẹni tí yóò pe Botvinnik níjà. Mẹ́sàn-án nínú wọn wá láti ilẹ̀ Soviet. Ó lé ní oṣù kan ààbọ̀ tí wọ́n fi ta ayò 210. Smyslov ló jáwé olúborí pẹ̀lú máàkì 18. Bronstein, Keres àti Samuel Reshevsky ará Amẹ́ríkà jọ ní 16. Lọ́tẹ̀ yìí, adé kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti di ẹrù rẹ̀ kó sì máa lọ, ibẹ̀ ni Bronstein ti mú kálámù. Ó kó gbogbo ayò 210 náà jọ, ó sì ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àtèyí tó dùn àtèyí tó gbẹ. Ìwé náà jáde ní èdè Rọ́ṣíà ní 1956, wọ́n tún un tẹ̀ ní 1960, ó sì dé ọwọ́ àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní 1979.

Ohun tó mú kí ìwé náà yàtọ̀ ni ọ̀nà tó gbà bá òǹkàwé sọ̀rọ̀. Àṣà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé ṣẹ́ẹ̀sì ni láti to ìṣirò jọ gbọọrọ: bí eléyìí bá gbé ẹṣin, tọ̀hún a gbé bíṣọ́ọ̀bù, títí ojú òǹkàwé yóò fi ṣú. Bronstein kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò ni ó ń sọ. Kí ni ẹni yìí ń wá? Kí nìdí tí àwọn ojú ilé dúdú kan fi di aláìlágbára, báwo sì ni ọ̀tá ṣe ń gba ibẹ̀ wọlé? Ìgbà wo ni ó tọ́ kí ènìyàn gba ìnira díẹ̀ mọ́ra nítorí èrè tó ń bọ̀? Nígbà tó dé orí ayò tí Kotov ti fi ayaba rẹ̀ tọrẹ kó lè fa ọba Yuri Averbakh jáde sí gbangba, ẹni tó bá ń kà á yóò rí i pé kì í ṣe ìṣirò nìkan ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgboyà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta púpọ̀ yóò lóye, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta yóò kọ́gbọ́n.

Ó sì tún ní ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń du ipò: kò lo ìwé náà láti gbé ara rẹ̀ ga. Ayò tí wọ́n ti nà án wà níbẹ̀, ó sì yin ẹni tó nà án bí ó ti yẹ. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n àwọn ọ̀ta 15 ni Bronstein kó sínú ìwé kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣe ipò kejì ni ayé ń gbọ́ ìtàn ìdíje náà lẹ́nu rẹ̀.

Kò jáwọ́ nínú ayò. Ní 1955, ó gba ipò kìíní ní Göteborg, ní ilẹ̀ Sweden, láìsí ẹni tó nà án. Òun àti Boleslavsky pẹ̀lú Efim Geller wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ ayò, èyí tí ọ̀pọ̀ ti fojú tẹ́ńbẹ́lú tẹ́lẹ̀, di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Orúkọ Íńdíà ọba ni wọ́n fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ máàkì kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní Portorož, ní 1958, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Philippines kan, Rodolfo Cardoso, nà án nínú ayò tó kẹ́yìn, ààbọ̀ máàkì sì ni kò jẹ́ kó bá wọn lọ sí ìpele tó kàn. Ní Amsterdam, ní 1964, ó ta débi tó yẹ, ṣùgbọ́n òfin pé ẹni mẹ́ta péré ló lè ti orílẹ̀-èdè kan kọjá dá a padà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù James Bond pàápàá mú ayò kan lára tirẹ̀ ní 1963. Èyí tí Boris Spassky ti nà án ní Leningrad ní 1960 ni wọ́n mú.

Ọdún 1976 ni ìdánwò tó le jù dé. Ní oṣù Keje, Viktor Korchnoi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀ta ilẹ̀ Soviet, sá sí ilẹ̀ Netherlands, ó ní òun kò padà sílé mọ́. Ìjọba gbé ìwé jáde tó bú u bí ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀ta àgbà fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Bronstein kọ̀. Ìyà rẹ̀ kò pẹ́ dé: owó tí ìjọba ń fún un dáwọ́ dúró, ọ̀nà ìdíje òkè òkun sì dí mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíràn tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i ni Botvinnik. Àwọn méjì tí wọ́n ti bá ara wọn fà á títí dé 12 sí 12, ọdún 25 lẹ́yìn náà, wọ́n bá ara wọn ní apá kan náà.

Ẹni tó bá ń béèrè bóyá Bronstein tẹrí ba fún ìbẹ̀rù ní 1951 lè má rí èsì láéláé. Ṣùgbọ́n èsì ti 1976 wà nílẹ̀, gbogbo ayé ló sì rí i.

Nígbà tí ọ̀nà là lẹ́yìn tí ìjọba Soviet wó, ó ti di arúgbó. Ó rin ìrìn àjò káàkiri Yúróòpù, ó ń ta, ó ń kọ́ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀ta àgbà ń sá fún kọ̀ǹpútà, òun a máa fi ayọ̀ jókòó tì í. Òun ló sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dábàá pé kí aago ṣẹ́ẹ̀sì máa fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ fún gbogbo ìgbà tó bá gbé ọmọ ayò, kí àkókò má bàa pa ẹni tí ọgbọ́n kò pa. Ọ̀kan nínú àwọn ètò aago náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní. Ní 1995, òun àti Tom Fürstenberg gbé ìwé jáde lórí ìgbésí ayé rẹ̀ àti àwọn ayò rẹ̀. Ó kú ní Minsk, ní ilẹ̀ Belarus, ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, ní ẹni ọdún 82.

Adé tí Bronstein kò rí gbà kò pẹ́ lórí ẹnikẹ́ni. Smyslov gbà á lọ́wọ́ Botvinnik ní 1957, Botvinnik gbà á padà. Mikhail Tal gbà á ní 1960, Botvinnik tún gbà á padà. Ní 1963 ni Tigran Petrosian gbà á, kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Adé a máa ṣí lórí ẹni. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ ní 1956 ṣì wà lórí tábìlì àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ta ọ̀mì tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì ń to ọmọ ayò tẹ̀ lé e. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìwé ni ọmọ tí Bronstein fi rọ́pò ara rẹ̀.